Fíìmù The Express: kí ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kí ni wọ́n fi kún ìtàn Ernie Davis?

Ẹni tó bá wo fíìmù The Express tán sábà máa ń béèrè pé: ṣé gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́? Fíìmù náà jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2008. Ìgbésí ayé Ernie Davis ló dá lé lórí, ọmọ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ Heisman, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ nínú àwọn yunifásítì wọn. Rob Brown ló kó ipa Davis, Dennis Quaid kó ipa Ben Schwartzwalder tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, Gary Fleder sì ni olùdarí. Chadwick Boseman náà wà nínú rẹ̀, ní ipa kékeré kan. Fíìmù sinimá àkọ́kọ́ tó ṣe nìyẹn.

Òpó ìtàn náà, òótọ́ ni. Davis ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe, ikú tí wọ́n ní ó pa á náà ló pa á. Àmọ́ àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti gbé ìṣẹ̀lẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí á fara balẹ̀ wò, torí pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n gbé kúrò ní ààyè rẹ̀: ta ló hù ú, ibo ló ti hù ú, báwo ló ṣe rí.

Kí á tó débẹ̀, ó yẹ kí á mọ irú bọ́ọ̀lù tí à ń sọ. Kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn, ó ṣe ṣóńṣó ní orí méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sáré tàbí tí wọ́n fi ń jù ú sí ara wọn. Ènìyàn mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láti fi sún síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá rí i ṣe, wọ́n tún gba ìgbà mẹ́rin mìíràn. Bí wọn kò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Ẹni tó bá gbé e kọjá ìlà tó wà ní ìpẹ̀kun pápá lọ́dọ̀ alátakò ti ṣe touchdown, àmì mẹ́fà nìyẹn. Halfback ni Ernie Davis. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba bọ́ọ̀lù, kó sì gba àárín àwọn ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó fẹ́ dá a dùbúlẹ̀ kọjá. Láyé ìgbà náà, òfin kò jẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù bó ṣe wù wọ́n, nítorí náà ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré náà ló ń padà wá ṣọ́ ilé nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé ọ̀rọ̀ Texas.

Ohun kejì tó máa ń rú èèyàn lójú ni bí bọ́ọ̀lù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè di ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń dúró gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù yunifásítì ti gbilẹ̀ tipẹ́ kí ti àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ jẹun tó gbilẹ̀. Pápá yunifásítì kan lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó ńlá sì ń wọlé níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń gbá a kì í gbowó oṣù nígbà náà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbà. Láyé ìgbà náà, bí sáà bá parí, àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa ni wọ́n máa ń pè sí àwọn ìdíje àkànṣe ní àyíká ọjọ́ ọdún tuntun: Rose Bowl ní California, Cotton Bowl ní Dallas, Sugar Bowl ní New Orleans, Orange Bowl ní Miami. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí wà ní Gúúsù, níbi tí òfin ti ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ohun tó ń fa wàhálà fún àwọn ẹgbẹ́ Àríwá tó ní aláwọ̀ dúdú nìyẹn.

Ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1939 ni wọ́n bí Ernie Davis ní New Salem, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Kò mọ bàbá rẹ̀ rí. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí ìyá rẹ̀, Willie àti Elizabeth Davis, ló dàgbà sí ní Uniontown. Iṣẹ́ ìwakùsà èédú ni bàbá àgbà náà ń ṣe. Ó ń kólòlò lọ́mọdé, bí fíìmù náà ṣe fi hàn gẹ́lẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó kó lọ bá ìyá rẹ̀, Marie, ní Elmira, ní ìpínlẹ̀ New York. Ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama, nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Elmira Express, torí pé bó bá ti ń bọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró sójú irin. Orúkọ àlàjẹ́ yẹn ni wọ́n mú ṣe àkọlé fíìmù.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń wá a. Ẹni tó mú un lọ sí yunifásítì Syracuse ni Jim Brown, aláwọ̀ dúdú tó ti wọ aṣọ nọ́ńbà 44 níbẹ̀ títí di ọdún 1956 kó tó lọ gbá fún Cleveland Browns, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun. Wọ́n fún Davis náà ní 44. Lẹ́yìn rẹ̀, Floyd Little gbà á, òun sì ni ipa tí Boseman kó. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí kì í ṣe àsọdùn fíìmù: yunifásítì náà fi 44 sílẹ̀ láìfún ẹnikẹ́ni mọ́ ní ọdún 2005, kódà 13244 ni kóòdù ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n gbà fún ọgbà wọn.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dàrú nínú ìjíròrò: ọ̀rọ̀ “ẹni àkọ́kọ́.” Àwọn kan wo fíìmù náà, wọ́n rò pé Davis ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì. Ó jìnnà sí bẹ́ẹ̀. William Henry Lewis, ọmọ àwọn tó ti ṣẹrú rí ní Virginia, ti wọ ẹgbẹ́ àwọn àṣàyàn orílẹ̀-èdè láti Harvard ní ọdún 1892. Fritz Pollard gbá Rose Bowl fún Brown University ní ọdún 1916. Paul Robeson, tí ayé padà mọ̀ sí olórin, jẹ́ àṣàyàn láti Rutgers ní 1917 àti 1918. Jack Trice ti Iowa State kú ní ọdún 1923 nípa ìpalára tó rí nínú ìdíje pẹ̀lú Minnesota. Ohun tí Davis kọ́kọ́ ṣe, méjì ni: òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Heisman, òun náà sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun, ń yan àwọn tó ń jáde ní yunifásítì.

Syracuse fúnra rẹ̀ ní ìtàn ṣáájú Jim Brown, ìtàn tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá wo fíìmù yìí gbọ́. Ní ọdún 1937, Wilmeth Sidat-Singh ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn. Aláwọ̀ dúdú ni, ṣùgbọ́n ọkọ ìyá rẹ̀ tó gbà á ṣọmọ jẹ́ dókítà ará Íńdíà, nítorí náà orúkọ Íńdíà ló ń jẹ́, àwọn ìwé ìròyìn sì ń pè é ní ará Híńdù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bá Maryland gbá ní Baltimore, Sam Lacy, akọ̀ròyìn aláwọ̀ dúdú, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé dúdú ni ọmọ yìí. Maryland ní àwọn kò ní bá ẹgbẹ́ tó ní aláwọ̀ dúdú gbá. Kí wá ni Syracuse ṣe? Wọ́n mú un jókòó. Wọ́n pàdánù pẹ̀lú 13 sí òdo. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Maryland wá sí Syracuse, Sidat-Singh gbá, Syracuse sì nà wọ́n ní 53 sí òdo. Kò sí ẹni tó ju ìgò lù ú. Kò sí ariwo. Àdéhùn àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù ni, wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ fún un láàrin ara wọn: àdéhùn àwọn ọmọlúàbí. Ẹgbẹ́ Àríwá tó bá fẹ́ bá ẹgbẹ́ Gúúsù gbá yóò fi dúdú rẹ̀ sílé, kí àlejò àti onílé lè wà ní àlàáfíà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yẹn ni kí ẹ lè rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìran West Virginia.

Nínú fíìmù náà, Syracuse rìnrìn àjò lọ gbá bọ́ọ̀lù ní West Virginia ní ọdún 1959. Àwọn èrò tó yí pápá ká ń bú àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n ń ju nǹkan lù wọ́n, ìbínú gbà wọ́n bíi pé wọ́n fẹ́ já wọ inú pápá. Ìran náà le, ó sì máa ń mú omi jáde lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1959, West Virginia ló wá sí Syracuse. Ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ni, ní pápá Archbold tó wà nínú ọgbà Syracuse, àwọn onílé sì fi 44 sí òdo lu àlejò. Joe Manchin, tó jẹ́ gómìnà West Virginia nígbà tí fíìmù náà jáde, fi ẹ̀hónú hàn. Dick Easterly, tó wà nínú ẹgbẹ́ Syracuse ti ọdún yẹn, sọ ní gbangba pé àròsọ pátápátá ni ìran náà, ó sì bẹ àwọn ará West Virginia.

Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà dùn mí ni pé ọmọ West Virginia ni Schwartzwalder fúnra rẹ̀. Point Pleasant ni wọ́n bí i sí, yunifásítì West Virginia kan náà ló ti kàwé, tó sì ti gbá bọ́ọ̀lù.

Mi ò sọ pé kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní West Virginia o. Ní ọdún 1959 yẹn, ẹgbẹ́ wọn kò ní aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo. Ìyẹn gan-an ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó wà níbẹ̀, kò sì pariwo. Wọ́n kàn ń fún àwọn kan ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọn kì í sì í fún àwọn mìíràn. Kámẹ́rà kò lè ya fọ́tò ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ sí ọmọ dúdú. Nítorí náà ni àwọn onífíìmù ṣe wá ẹni tó lè pariwo, wọ́n sì gbé e lé àwọn tí kò sí níbẹ̀ lórí. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí olùwòran ní ìmọ̀lára ohun tí Davis fara dà, mo sì gbà pé ó fara da nǹkan. Ṣùgbọ́n olùwòran á jáde pẹ̀lú èrò pé àwọn òkúùgbẹ́ tó wà lórí ìjókòó pápá ló ni ìwà náà, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọ̀gá tó ń buwọ́ lu ìwé ló ń fi ṣe òfin.

Dallas ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ wà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1960, Syracuse pàdé Texas nínú Cotton Bowl. Fíìmù náà jẹ́ kó dà bíi pé ìdíje yìí ni yóò sọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ ọ̀gá bọ́ọ̀lù yunifásítì ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà náà, ìbò àwọn akọ̀ròyìn àti ti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n fi ń yan ọ̀gá, ìbò náà sì máa ń parí kí ìdíje ọjọ́ ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Syracuse ti gba ipò kìíní kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Dallas; ohun tó kù fún wọn ni kí wọ́n má ṣe dójú ti ara wọn.

Ohun tí Davis ṣe lọ́jọ́ náà kò nílò àfikún kankan. Iṣan itan ń dùn ún gan-an, àwọn kan kò tilẹ̀ rò pé yóò lè gbá. Kí eré tó gbóná, Gerhard Schwedes, ọmọ tí wọ́n bí ní Jámánì, ju bọ́ọ̀lù sí i, Davis sì gbé e sáré títí ó fi ṣe touchdown. Yáàdì 87 ni jíjù àti sísá náà lápapọ̀, ó sún mọ́ mítà ọgọ́rin. Ó tún ṣe touchdown kejì, ó gba bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì mìíràn fún àmì méjì-méjì (àfikún tí ẹgbẹ́ lè gbìyànjú fún lẹ́yìn touchdown), ó sì já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Texas nígbà tó ń ṣọ́ ilé. Syracuse jáwé olúborí pẹ̀lú 23 sí 14. Mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́tàlélógún yẹn, Davis ló kó o wálé. Òun ni wọ́n yàn ní ẹni tó ta yọ jù lọ.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ kí apá kìíní tó parí. Òótọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n sọ sí John Brown, ọ̀kan nínú aláwọ̀ dúdú mẹ́ta tó wà nínú ẹgbẹ́ Syracuse, ni wọ́n ní ó fà á. Ẹni kẹta ni Art Baker.

Àsè tó tẹ̀ lé eré náà ni ìtàn ti pín sí méjì. Èyí tó gbajúmọ̀ ni pé wọ́n sọ fún Davis pé kó wá gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀, kó sì máa lọ, torí pé ilé àsè náà kì í gba dúdú. Èyí kejì ni pé wọ́n jẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹun pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará ìta láti wọlé jó ni ẹnì kan wá sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde. Schwedes gbọ́, ó fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ jáde, àwọn àgbà sì ní kí wọ́n má ṣe dá wàhálà sílẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà, ẹ wo bó ṣe rí: kò sí ẹni tó gbé ohùn sókè. Ẹnì kan rìn wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù lọ́jọ́ náà sì gbọ́dọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Lójú tèmi, èyí burú ju ìgò ogún lọ. Texas kò sì ní aláwọ̀ dúdú tó gbá fún ẹgbẹ́ àgbà wọn títí di ọdún 1970, nígbà ti Julius Whittier.

Bí ọ̀rọ̀ Heisman ṣe ń lọ náà nílò àlàyé. Ẹgbẹ́ kan ní New York, Downtown Athletic Club, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1935. Àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá káàkiri orílẹ̀-èdè ló ń dìbò, pẹ̀lú àwọn tó ti gbà á rí. Oníbò kọ̀ọ̀kan ń kọ orúkọ mẹ́ta: ti àkọ́kọ́ gba àmì mẹ́ta, ìkejì gba méjì, ìkẹta gba ọ̀kan. Ìbò ni o, kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan kà, nítorí náà ohun tó wà lọ́kàn oníbò lè wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1956, Jim Brown ṣe touchdown mẹ́fà, ó sì kó àmì 43 nínú ìdíje kan ṣoṣo pẹ̀lú Colgate, síbẹ̀ ipò karùn-ún ni wọ́n fi í sí. Paul Hornung ló gbà á, ọmọ Notre Dame, ẹgbẹ́ tó jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mejì péré, tó sì pàdánù lẹ́ẹ̀mẹjọ lọ́dún yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọ̀ Brown ló fà á, mo sì wà lára wọn.

Ní 1961, Davis kó àmì 824, Bob Ferguson ti Ohio State sì kó 771. Ohun tí kì í yọ sí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí nìyí: aláwọ̀ dúdú ni Ferguson náà. Sandy Stephens ti Minnesota, tó wà ní ipò kẹrin, aláwọ̀ dúdú ni. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn tí wọ́n fi Jim Brown sí ipò karùn-ún, dúdú méjì ló ń du ipò kìíní. Mo máa ń rò pé bí fíìmù náà bá fi èyí hàn, ìtàn rẹ̀ á tóbi sí i ni, torí yóò fi hàn pé Davis kò dá dúró nìkan. Ìran kan ló ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù fẹ́ akíkanjú kan ṣoṣo. Ààrẹ John Kennedy wà ní New York lọ́jọ́ tí wọ́n fún Davis ní ẹ̀yẹ náà, ọjọ́ 6 oṣù kejìlá, ó sì ní kí wọ́n mú un wá kí òun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Òótọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ méjì ṣáájú èyí ni ẹgbẹ́ Washington ti NFL kọ́kọ́ yan Davis. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lásán á rò pé ìfẹ́ ni. George Preston Marshall, tó ni ẹgbẹ́ náà, ti kọ̀ jálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti gba aláwọ̀ dúdú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù ní NFL tí kò ní ẹyọ kan. Àmọ́ pápá tuntun tó fẹ́ máa lò wà lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Stewart Udall, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Kennedy, sọ fún un pé bí kò bá gba dúdú, kò ní lo pápá náà. Bí Marshall ṣe gbà nìyẹn. Davis kò gbá fún un rárá: wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Bobby Mitchell àti Leroy Jackson láti Cleveland. Bobby Mitchell ni wọ́n wá ń rántí pé ó la ọ̀nà ní Washington. Cleveland ní tiwọn fẹ́ kí Jim Brown àti Ernie Davis jọ máa gbé bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ fojú inú wò ó.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1962, nígbà tó ń múra ìdíje àwọn àṣàyàn yunifásítì nítòsí Chicago, ara rẹ̀ kò yá. Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, irú èyí tí ìṣègùn ìgbà náà kò ní agbára lórí rẹ̀. Oṣù mélòó kan kọjá kí wọ́n tó sọ orúkọ àìsàn náà fún un. Kò gbá ìdíje kankan fún Cleveland. Ìgbà kan ṣoṣo ló wọ aṣọ wọn jáde síwájú èrò, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó sáré wọ pápá, iná tàn sí i, àwọn èrò sì dìde fún un. Nọ́ńbà 45 ló wọ̀, wọn kò sì fún ẹlòmíràn mọ́. Ní ọdún 1963 ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nínú ìwé ìròyìn Saturday Evening Post pé òun kì í ṣe aláìríre. Ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún yẹn ló kú, ọmọ ọdún 23. Ní Elmira, àwọn tó wá wo òkú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Gbogbo èyí, fíìmù náà kò nílò láti parọ́ nípa rẹ̀.

Àwọn àyípadà mìíràn kéré, wọn kò sì bí mi nínú. Jack Buckley, ọ̀rẹ́ Davis nínú fíìmù, àwọn onífíìmù ló dá a, kò sí ẹni bẹ́ẹ̀ rí. John Brown ló wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ Davis títí dé Cleveland. Bí fíìmù bá ní wákàtí méjì fún ọdún mẹ́tàlélógún, ó di dandan kí wọ́n pa ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní oṣù mẹ́fà di ọ̀rọ̀ alẹ́ kan. Gbólóhùn tó sọ pé ìtàn náà “dá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ gidi” kò ní ìwọ̀n kankan tí òfin fi lélẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ka iye òótọ́ tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí á máa wò ni ẹni tí àyípadà náà gbè àti ẹni tó fi ẹ̀sùn kàn.

Èyí ló gbé mi dé orí Schwartzwalder. Akọni ni: ó fi páráṣúùtù balẹ̀ sí Normandy nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì gba àmì ìgboyà. Nínú fíìmù, Quaid fi hàn bí ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ dúdú kò yé dáadáa níbẹ̀rẹ̀, tí Davis sì yí ọkàn rẹ̀ padà. Ìtàn tó dára ni fún ẹni tó fẹ́ fi tíátà sílẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970, ọdún méje lẹ́yìn ikú Davis, Schwartzwalder ṣì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Syracuse, aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ̀ láti gbá. Wọ́n ń pè wọ́n ní Syracuse 8, torí pé àwọn ìwé ìròyìn ṣi iye wọn kà. Ohun tí wọ́n béèrè kò pọ̀: kí dókítà tó ń tọ́jú wọn dára sí i, kí wọ́n rí olùkọ́ tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ bí àwọn funfun ṣe ń rí, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù máa gbá, láìwo àwọ̀, kí aláwọ̀ dúdú kan wà lára àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, torí kò tíì sí ẹyọ kan láti ọ̀rúndún tó ṣáájú. Wọn kò padà wọ ẹgbẹ́ náà lọ́dún yẹn, àlá bọ́ọ̀lù ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì parí síbẹ̀.

Bí Davis bá ti yí ọkàn akọ́nimọ̀ọ́gbá náà padà pátápátá ní 1961, kò yẹ kí àwọn ọmọ 1970 máa bẹ̀bẹ̀ fún olùkọ́ àti dókítà. Yunifásítì Syracuse tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní gbangba ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, wọ́n sì fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ àti jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ tí wọn kò rí gbà nígbà èwe wọn. Ọdún méjì ló wà láàrin àforíjì yẹn àti ọjọ́ tí fíìmù náà jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìtàn Ernie Davis ṣe parí ní Syracuse, àwọn mẹ́sàn-án yìí ni kó lọ wá ìtàn wọn kà.